Níbo Lo Ti Rí I?

Nínú fíìmù Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní Lucky Baskhar, akọ̀wé báǹkì jalè, ó sì jàre. Venky Atluri ló darí fíìmù náà, Dulquer Salmaan ló ṣe Baskhar, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló jáde, kò sì pẹ́ tó fi dé orí fóònù àwọn ọmọ àdúgbò wa. Agboolé kan lẹ́yìn Ọjà'ba ni mo ti bá wọn wò ó, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ìjọba ṣàánú wa. Nígbà tí Baskhar bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣèwádìí, tó kó ìyàwó àti ọmọ, tó di èrò Amẹ́ríkà, àtẹ́wọ́ dún nínú yàrá. Màmá àgbà kan tí kò gbọ́ èdè Íńdíà, tí kò sì lè ka gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá lábẹ́ àwòrán, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ ọlọ́mọ mú." Òun náà ló ṣe àmín fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì gbè é.

Kò sẹ́ni tó béèrè pé owó ta ni ọmọ ọlọ́mọ kó lọ.

Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n fẹ́ràn Baskhar. Ẹni tó kọ ìtàn yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bombay ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, láti nǹkan bí ọdún 1989 dé 1992. Káṣíà báǹkì ni Baskhar. Owó olówó ló ń kà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gbèsè sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ń fojú pa á rẹ́. Ó retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́, àyà rẹ̀ bá yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó báǹkì jáde lọ́jọ́ Ẹtì, á fi bá ẹnì kan ṣe òwò fàyàwọ́, á sì dá ojú owó padà kí báǹkì tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Owó pé, ìwé pé, èrè nìkan ló kó lọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà wà. Ó ti kọ́kọ́ jẹ́ kí a gbà pé ènìyàn lè jalè láìsí ẹni tí a jà lólè. Ẹni tó bá ti gba ìyẹn gbọ́, kò sí ibi tí a kò lè fà á dé.

Ọ̀gá tí Baskhar wá bá pàdé níwájú, ojúlówó ènìyàn kan ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá a: Harshad Mehta, alágbàtà ìpín ìdókòwò ní Bombay. Ohun tó ṣe kò ṣòroó yé ènìyàn. Báǹkì a máa yá báǹkì lówó fún ìgbà díẹ̀, ìwé kan ni wọ́n sì ń kọ pé ẹ̀rí ẹ̀yáwó ìjọba wà nílẹ̀ tó dúró fún owó náà. Mehta ń ṣe alárinà láàárín wọn. Ó rí báǹkì kéékèèké tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tí kò sí ohunkóhun nílẹ̀, ó fi gba owó lọ́wọ́ àwọn báǹkì ńlá, ó kó owó náà lọ ra ìpín lọ́jà, iye ìpín sì ń gòkè nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń rà á. Ìpín ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ACC, tó jẹ́ nǹkan bí 200 rupee, sún dé nǹkan bí 9,000. Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì rí i pé ará ilé kejì ti ra mọ́tò, àwọn náà tú kóló wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, oníròyìn obìnrin kan, Sucheta Dalal ti Times of India, gbé e síta pé owó ńlá kan kò sí nínú ìwé State Bank of India, ó sì béèrè ọwọ́ ẹni tó wà. Ọjà wó lulẹ̀. Mehta kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2001. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú fíìmù, Baskhar tó bá irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò kú sí àhámọ́. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ọkàn wa ń fẹ́.

Mi ò gbọdọ̀ dúró sí Bombay kí n máa nàka sí wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ìbàdàn rí mọ ibi tí oríkì yẹn ti kan ẹjọ́ olè àti olóhun, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ní ó ń jàre nínú àwọn méjèèjì. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, a tún máa ń fi í yangàn. Ìlú ológun ni ìlú wa. Ohun tí ológun bá kó bọ̀ láti ojú ogun, ta ni í bi í léèrè ẹni tó ni ín? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ayé àtijọ́ kò ní àbàwọ́n. Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ìyálóde ni, ọlọ́rọ̀ ni, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olóyè ogun láwìn. Wọ́n kó ọjà lọ, wọ́n jagun, wọ́n kó ẹrú àti ẹrù bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò san. Nígbà tó dáwọ́ àwìn dúró, tí kò sì bá Ààrẹ Látóòsà lọ́wọ́ sí ogun mọ́, ẹ̀sùn gorí ẹ̀sùn. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1874, wọ́n sì pa á nínú ilé rẹ̀ lọ́dún kan náà. Òun náà kì í ṣe ẹni ire sí àwọn ẹrú rẹ̀, ìkà rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ ìkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó rí i pé gbèsè wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn onígbèsè ló sì ṣẹ́gun.

Òkè Mápó ńkọ́? Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ń lọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó rẹ̀ lónìí, òun ni ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn nígbà tí wọ́n gbé E. W. J. Nicholson wá ṣe ìwádìí ní ọdún 1955. Ìjábọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1956 kún fún àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ojúsàájú. Adégòkè Adélabú tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ fi ipò sílẹ̀, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tẹ̀ ìṣèlú ni. Wọ́n tún dìbò fún un lọ́dún yẹn kan náà, ó sì wọlé.

Olè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, ojúkòkòrò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí mo rí pé ó bàjẹ́ níṣojú wa ni ẹnu. Ẹnu tó ń béèrè ló ti pa mọ́.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní agboolé ìyá mi ní Bẹ́yẹrúnká. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Agbẹni gbé rédíò wọlé lọ́jọ́ kan, rédíò kékeré kan tó ní àpò awọ. Bàbá àgbà wo rédíò, ó wo ọmọ.

"Níbo lo ti rí i?"

"Mo rà á ni, Bàbá."

"Èló?"

Ó sọ iye rẹ̀.

"Èló ni ọ̀gá rẹ ń fún ọ?"

Ọmọ ń kálòlò. Bàbá gba rédíò, ó gbé e lé orí pẹpẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án títí ọ̀gá télọ̀ yóò fi wá. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ọ̀gá tó ráyè. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọkùnrin ilé ń jókòó ti rédíò tí kò sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó ní òótọ́ ni, ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń kó owó pa mọ́ sọ́wọ́ òun, owó ìfọkànṣiṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń fún un ni. Bàbá dìde, òun fúnra rẹ̀ ló tan rédíò náà.

Ọmọ yẹn kò jalè, síbẹ̀ wọ́n bi í. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, kò sì túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ. Ẹ̀tọ́ ilé ni. Gbogbo ilé ni yóò gbọ́ rédíò, nítorí náà gbogbo ilé ló yẹ kó mọ bó ṣe dé. Bí olóhun bá sì wá, ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn ni yóò dúró sí. Àwọn tó ni èdè yìí kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ ni mo ń bá wí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó wà lókè àjà, àwọn ọlọ́pàá wà fún un.

Ẹ lọ sí Ọjà'ba lónìí, ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́. Ẹ ó rí káàdì pelebe kan tó ká mọ́ inú àpò owó rẹ̀, etí rẹ̀ ti dúdú fún ọwọ́. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Alájọ á dé nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, á gba owó, á fi báírò sàmì sí ojú kan, á tún fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, tí kò fo ọjọ́ kankan, 15,000 ni yóò kó lópin oṣù ọlọ́jọ́ 31, nítorí pé owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ìyá yìí ń sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó! Ẹni tó ka ìwé ètò ọrọ̀ ajé lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ilé alájọ, ó mọ ìyá alájọ, ó mọ ìsọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń tajà. Bó bá sá lọ, ó mọ ibi tí òun yóò lọ jókòó sí. Àwọn alájọ kan sì ti sá lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Èsúsú náà wà níbẹ̀. Samuel Johnson, tó ṣe olùkọ́ nílùú Ìbàdàn yìí kó tó di àlùfáà, kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní ọdún 1897: àwọn ènìyàn á dá iye kan náà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, á sì máa yí kárí títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn. Nínú àjọ, nínú èsúsú, kò sí èlé. Gbogbo ẹni tó kó owó ló mọ ẹni tó dá a.

Kí ló wá dé tí ọmọ ìyá yìí, tó lọ sí yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, fi kó owó fún ẹni tí kò rí rí?

Bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn, màá ní ojúkòkòrò ni, màá sì gbé gègé mi kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò tí kò tó 200 náírà kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sún owó oṣù tó kéré jù lọ sí 80,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó sàn ju 70,000 ti ìjọba àpapọ̀ nígbà náà lọ, a sì dúpẹ́. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ bi pé ọjọ́ mélòó ló bá a dé. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòtù: mẹ̀kúnnù tó de táì ni wọ́n. Wọn kò tòṣì tó kí olóṣèlú bu gààrí fún wọn, wọn kò sì lówó tó kí báǹkì fi tayọ̀tayọ̀ yá wọn lówó. Ọmọ wọn gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé àdáni, nítorí níbo ni ẹ ti rí olùkọ́ tó ń mú ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé ìjọba tó ti ń kọ́ni?

Àwọn ìyá ọjà ti ń gba owó gbọ́múlélántà, wọ́n ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ti oníṣẹ́ ọ́fíìsì, orí fóònù ló ti ń yá tirẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ẹni tó rí i. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san, àwọn ayánilówó kan á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé gbájúẹ̀ ni. Ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Johnson kan náà yẹn kọ nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè: á ba sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa bú ènìyàn, á máa mú adìẹ tó bá rí, gbogbo agboolé kò sì ní sinmi títí wọn yóò fi wá nǹkan ṣe sí i. Ìwà burúkú ni, ṣùgbọ́n ó ń kó ẹbí jọ sídìí gbèsè ọmọ wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ẹbí á kà á, wọn á pa fóònù, wọn ò sì ní bá onígbèsè sọ ọ́ títí láé. Ojú ń tì wọ́n bá a. Ojú tì wọ́n láti béèrè bó ṣe jẹ gbèsè, bí ojú yóò ṣe tún tì wọ́n láti béèrè nígbà tó bá dédé lówó.

Ìwé ìtàn olówó tó dédé wó, a ti ka ojú ewé kan níbẹ̀ rí. Ní ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà ó kéré tán. Báǹkì 89 di 25 nígbà tí gbèdéke pé ní òpin ọdún 2005, wọ́n sì jáde síta láti máa ta ìpín fún ará ìlú. Àwa tó wà n'Ìbàdàn nígbà yẹn rántí bí fọ́ọ̀mù ìpín ṣe kún Dùgbẹ̀, bí àwọn olùkọ́ ṣe yá owó nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù láti di onípìn-ín. Àwọn báǹkì náà tún ń yá àwọn alágbàtà lówó láti máa ra ìpín. Mehta ì bá mọ ọ̀nà yẹn lójú oorun. Ìwọ̀n ọjà ìpín l'Ékòó kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún 2008. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 fi parí, kò pé 22,000. Sanusi Lamido Sanusi, tó di gómìnà báǹkì àpapọ̀ lẹ́yìn Soludo, lé ọ̀gá báǹkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, Cecilia Ibru ti báǹkì Oceanic, gbà pé òun jẹ̀bi ní oṣù kẹwàá ọdún 2010: dúkìá tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 191 náírà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un jẹ́ oṣù 6.

Ti oṣù kìíní ọdún 2013 ló dùn mí jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ l'Abùjá pé òun wà lára àwọn tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, owó tí à ń fi bílíọ̀nù kà. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tàbí kó san ìtanràn 750,000 náírà. Ó san án. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún ẹjọ́ náà dá ní ọdún 2018, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 6 àti ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà tí yóò san, ṣùgbọ́n ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọdé gbọ́. Ẹ wo ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà mọ ìṣirò. Kí ni bàbá fẹ́ sọ fún un pé kó má jalè nítorí rẹ̀?

Ètò ìdókòwò MMM dé ní òpin ọdún 2015, ti Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà, tó ti fi orúkọ kan náà gbọ́n àwọn ará ìlú rẹ̀ gbẹ ní 1994. Náírà 30 lórí 100 lóṣù kan. Ó tilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, kí Kérésì tó dé. NDIC, àjọ tó ń dójútòfò owó inú báǹkì, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. A sunkún, a nujú. CBEX wá dé pẹ̀lú ṣógúndógójì tirẹ̀: owó rẹ yóò di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ onílàákàyè ló ń bá ènìyàn ṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó kù fún olówó kò ju kó ṣí fóònù, kó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, kó máa wo bí iye rẹ̀ ṣe ń gorí ara wọn. Mo rí ọkùnrin kan nínú máíkírà ní Bẹẹrẹ lásìkò yẹn, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ti gbó lọ́rùn, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù rẹ̀, bí ẹni pé eruku ti bo òdo kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a fi dé Mápó.

Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2025, owó kò ṣeé yọ mọ́, iye tó wà lójú fóònù di òdo. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ padà kọ́kọ́ san 100 dọ́là, kí àwọn lè mọ̀ pé ojúlówó ènìyàn ni; ẹni tí owó rẹ̀ bá ju 1,000 dọ́là lọ, kó san 200. Àwọn kan san án. Ọ́fíìsì wọn kan wà ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn wa níbí. Èrò ya bò ó, wọ́n kó àga, wọ́n kó ohun tó ṣeé gbé, fídíò rẹ̀ sì tàn káàkiri ayé. SEC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò, ní àwọn kò fún CBEX níwèé àṣẹ rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú àwọn tó gbé àga. Kò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ológò náà mú adìẹ. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó fi 100,000 sílẹ̀, tó gba 200,000, níbo ni 100,000 kejì ti wá? Kò sí ẹni tó rí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohunkóhun tà. Owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni: ará ilé kejì, àbúrò ìyàwó, ọmọ ìjọ tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀, tàbí kó sún mọ́ àtimọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wo ẹ̀yìn mọ́, ó sì ń gba ẹ̀bùn lé e lórí fún ẹnikẹ́ni tó bá tún pè wá. Ọ̀nà Baskhar láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn gan-an. Kò sẹ́ni tí a jà lólè, nítorí ẹni tí a máa jà lólè kò tíì dé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mà wà ní Ọjà'ba. Ọmọ tí a mọ̀ pé kò níṣẹ́ gbé Lexus wọ àdúgbò, òpópónà ilé bàbá rẹ̀ kò gbà á, ó gbé e sí etí títì, àgbà ni wọ́n gbé àga fún láti máa bá a ṣọ́ ọ. Àlùfáà gbàdúrà sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ààfáà náà gba tirẹ̀. Nígbà tí ẹbí ń ṣe òkú bàbá, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n máa fetí sílẹ̀. Onílé tó fún un ní fúláàtì kò bi í ju pé ṣé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò san. EFCC, àjọ tó ń lépa àwọn oníjìbìtì, ní Ìyágànkú, a sì máa kó irú wọn wọlé. Ìyá ló máa ń sáré lọ síbẹ̀, tí yóò máa kígbe pé ọmọ òun kì í jalè. Kò purọ́ tán. Kò béèrè rí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ọmọ àbúrò mi kan, akọ̀wé ìjọba ni, owó rẹ̀ ti jóná nínú CBEX. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kó owó ìfẹ̀yìntì, ta ló bi wọ́n léèrè? Àwa tí a ò ní nǹkan nìkan ni ẹ fẹ́ máa bi?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ó tọ̀nà pé ìbéèrè tí a kò gbé dé Abùjá rí kò ní agbára mọ́ nígbà tó bá dé Bẹ́yẹrúnká. Ìbéèrè kan tó bá mọ ojú ẹni tí yóò bi, ó ti di ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n bàbá tó gbé rédíò sórí pẹpẹ kò dúró kí gómìnà kọ́kọ́ bi àwọn mínísítà. Ilé rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Mi ò sì gbà pé ebi ló pa ẹnu mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń polówó CBEX dé ìsọ̀ ìyá eléèlùbọ́ yẹn, ó ṣí fóònù hàn án. Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wò ó dáadáa. "Kí ni wọ́n ń tà?" Ọmọkùnrin ní wọn kì í ta nǹkan, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. "Ta ló wá ń rà á?" Ó tún ṣàlàyé. "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́? Ilé wo?" Ọmọkùnrin ní Àkọ́bọ̀ lòun ń gbé, ìyá ní òun ò bi í níbi tó ń gbé. Ọmọkùnrin kó fóònù rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí kò lówó tó akọ̀wé, ebi rẹ̀ kò sì kéré sí tiwọn. Ọwọ́ tí akọ̀wé nà ló pa á lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ gba nǹkan tí yóò tún fẹ́ mọ ibi tó ti wá.

Òfin tuntun lórí ìdókòwò ti jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, kí CBEX tó wó: ẹni tó bá gbé irú òwò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ yóò san ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kó jìyà méjèèjì. Ìyẹn wà fún ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, SEC ní orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wíwò rẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé nílé, kó bá àwọn àgbà wò ó. Ìwé CAC tí wọ́n máa ń nà síni kò ju ẹ̀rí pé wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. Bí ọmọ yín bá sì mú owó wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í kí ẹ tó gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó oògùn yín ni.